Nígbà Tí Alápàáńdẹ̀dẹ̀ Wọ Ìjù

Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé bọ́ńpà ọkọ̀ pupa kan, mo wọ ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ń gbálẹ̀, irun kún orí mi bámú. Ìyá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n di abọ́ tánganran kan mú. Ẹ wo bọ́ńpà náà dáadáa, ẹ ó rí màrìwò lára rẹ̀. Ẹ̀yìn fọ́tò ni mo kọ ọ́ sí: Ìjù, 1977.

Toyota Celica ni ọkọ̀ náà, onílẹ̀kùn méjì, àga rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá. Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba Murtala pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta. Àkúrẹ́ di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwa ọmọ apá ibí tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba n'Ìbàdàn sì di ẹrù wa, ó di ilé. Ìjọba ń yá òṣìṣẹ́ lówó ọkọ̀ nígbà náà, wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó lọ́gbọ́n ra Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó láti 1975, tàbí Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún kan náà. Èmi jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, n kò tíì gbéyàwó, mo sì ti rí àwòrán ọkọ̀ kan tí Toyota kọ́kọ́ gbé jáde ní Tokyo ní 1970. Kò sí ẹni tó lè bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ilẹ̀ súnmọ́ni. Nínú Ìjàpá, o jókòó bí ẹni wà lórí àpótí, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo lẹ́yìn rẹ. Nínú Celica, ńṣe lo nà gbọọrọ, bọ́nẹ́ẹ̀tì gùn síwájú rẹ, jíà kúrú, ó sì ń wọlé ṣìnkìn bí ẹni ti ìdè ilẹ̀kùn. Ẹ́ńjìnnì 1.6 lítà ni, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ fúyẹ́. Àwọn ọmọ kéékèèké Ìjù, ìlú wa, ló sọ ọ́ lórúkọ kí n tó dúró tán: alápàáńdẹ̀dẹ̀, nítorí ẹyẹ yẹn a máa fò nílẹ̀ nílẹ̀.

Ìtìjú wá ni pé n kò lè sá eré. Ìwé tó bá a wá ní kí n rọra lò ó fún 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́, kí àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì lè fara kínra títí wọn ó fi mọ ara wọn. Àkúrẹ́ sí Ìjù kò pé 20 kìlómítà. Bọ̀lẹ̀kájà tó kó gbàgùdá kọjá lára mi lójú ọ̀nà, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sì na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ká jọ tì í!"

Mo rántí bàbá oníkòkó kan nígbà yẹn. Mo kéré nígbà tí wọ́n ra Morris Minor tuntun, ó tó 1955. Owó kòkó ti lọ sókè gan-an lágbàáyé lọ́dún tó ṣáájú, ilé páànù ń pọ̀ sí i, àwọn àgbẹ̀ tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ Raleigh bẹ̀rẹ̀ sí í wojú mọ́tò. Bàbá náà kò mọ ọkọ̀ wà. Wọ́n gba dẹ́rẹ́bà, wọ́n jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fìlà lórí, akọ̀wé kan sì bá wọn kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sí gíláàsì ẹ̀yìn pé ọkọ̀ tuntun ni, kí ẹni tó bá ń kánjú kọjá lọ. Ọ̀pọ̀ àgbà rò pé àdúrà ni. Wọ́n ń ṣe àmín sí i.

Mọ́tò kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Rélùwéè ló kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, ní 1901. Ní nǹkan bí 1906 ni wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ní Èkó, William Akínọlá Dáwódù ń ta ọkọ̀, ó sì ń tún un ṣe, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ṣùgbọ́n àṣà tí a fi ń gba ọkọ̀ tuntun wọlé dàgbà ju mọ́tò lọ. Bí ọdẹ bá ra ìbọn, bí àgbẹ̀ bá pààrọ̀ àdá, Ògún ló ni irin. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, wọ́n kà á mọ́ irin. Nígbà tí lọ́rì dé, ohun kan náà ni, àfi pé ẹbọ rẹ̀ tóbi sí i: ajá, obì, epo pupa, màrìwò níwájú ọkọ̀.

Ilé wa kò rọrùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni bàbá mi, Aládùúrà ni ìyá mi, alágbẹ̀dẹ sì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ilé wọn kò jìnnà sí tiwa. Ní alẹ́ Sátidé, Bàbá Alágbẹ̀dẹ wá yẹ ọkọ̀ wò. Bàbá mi wọ inú yàrá, wọ́n ní orí ń fọ́ wọn. Mo bi Bàbá Alágbẹ̀dẹ léèrè, "Bàbá, ṣé pupa tó wà lára rẹ̀ kò tó?" Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀: "Ọ̀dà nìyẹn. Ògún mọ̀ ọ́n yàtọ̀." Wọ́n so màrìwò, wọ́n da epo sẹ́bàá táyà. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ìyá mi gbé omi àdúrà dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wọ́n ọn sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì rí màrìwò náà, wọ́n kò yọ ọ́. Abọ́ omi náà ló wà nínú fọ́tò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn èèyàn wá wẹ ọkọ̀. Ẹni tó bá ra mọ́tò mọ̀ pé ẹmu àti bíà ni omi ìwẹ̀ rẹ̀. "Ẹ kú oríire o! Kò ní gba ẹ̀jẹ̀ o!" Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yìí ni mo mọ̀ pé ẹni tó ṣe Celica kò mọ Ìjù. Ọkọ̀ tuntun kì í ṣe ti ẹnìkan láàárín wa. Òun ni yóò gbé aboyún lọ sí ọsibítù lóru, òun ni yóò gbé ìyàwó, òun ni yóò kó iṣu bọ̀ lóko. Ilẹ̀kùn méjì péré ni tèmi ní. Ìyá mi fẹ́ wọ ẹ̀yìn, mo tẹ àga iwájú síwájú fún wọn. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ìró há, gèlè kọ́ lókè.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ṣé ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbà wọ ọkọ̀ rẹ ni?"

Bàbá mi kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣí búùtù, wọ́n ka iṣu méjìdínlógún tó gbà, wọ́n pa á dé. Ní ọjọ́ kẹta, ikùn ọkọ̀ fá àgbàrá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ìró rẹ̀ sì wọ̀ mí nínú eyín.

Ìgbà tó pé 1,000 kìlómítà, mo jí ní ìdájí, mo kọjú sí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, mo sì tẹ̀ ẹ́. N kò mọ bí n ó ṣe ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì. Ìkùukùu ṣì wà lórí àwọn òkúta Ìkẹ́rẹ́, Olósùnta dúró dúdú nínú rẹ̀, ọwọ́ mítà ń gòkè, ọkọ̀ náà sì lẹ̀ mọ́ kọ́nà bí ẹni pé wọ́n fi àtè mú un. Ewúrẹ́ kan ló dá mi dúró. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá owó náà ṣòfò, àárọ̀ yẹn ni ìdáhùn mi.

Lítà bẹntirólù di 15.3 kọ́bọ̀ ní 1978, a sì pariwo bí ẹni pé ayé ń parẹ́. Mo gbéyàwó, ọmọ dé, mo ta alápàáńdẹ̀dẹ̀ ní 1981, mo ra 504. Ìyá mi ló kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì, láìbẹ̀rẹ̀. Tókunbọ̀ ló pọ̀ jù ládùúgbò wa báyìí. Ẹlòmíì ti bá wa fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kínra nílẹ̀ òkèèrè kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Àdúrà pásítọ̀ ṣì wà, bíà wà, màrìwò ni mi ò rí mọ́ lára ọkọ̀ àwọn ọmọ wa.

Ẹ̀yin ará Ìjù, Ìtaògbólú àti Àkúrẹ́, bí fọ́tò ọkọ̀ tuntun àwọn òbí yín bá wà nínú àpótí, pàápàá ti ayé owó kòkó, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Ẹ bi ẹni tó dàgbà jù nílé léèrè ọdún tí wọ́n yà á àti orúkọ dẹ́rẹ́bà, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀.