Ilẹ̀ Mòwé, Fáìlì Abẹ́òkúta

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ra ilẹ̀ sí Mòwé, ó fẹ́ gba ìwé ìjọba lé e lórí. "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀ wà báyìí. Fọ́tò mi, NIN mi, nọ́ńbà fóònù mi, wọ́n á mọ̀ mí tán. Èmi ń kọ́? Ta ni màá mọ̀ níbẹ̀?"

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ nílẹ̀ ju kọ̀ǹpútà lọ.

Ojú irin ló kọ́kọ́ kó èrò wá sí Ìfọ̀. Ti Èkó sí Ìbàdàn ti ń ná ibẹ̀ láti 1901. Mòwé àti Ìbàfò ń ro oko wọn lọ ní tiwọn. Àfi 1978. Lọ́dún yẹn ni wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó gba àárín wọn kọjá. Lọ́dún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde, ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà. Títì ń gbé oníbàárà bọ̀, òfin ń gbé ìwé lọ sí Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ta ló ń dúró de gómìnà? Baálé gbowó, ó fọwọ́ sí rìsíìtì, àwọn ẹlẹ́rìí tẹ̀ka, ó parí. Bí baba tó tà á bá kú, ọmọ rẹ̀ lè tún un tà fún ẹlòmíì. Ibẹ̀ ni ajagungbalẹ̀ ti ráyè wọlé. Òfin tí ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ní 2016 le mọ́ wọn, ó dé orí ẹ̀wọ̀n ọdún 25. Àdá àti ìbọn ló bá wí o. Kò sọ ẹni tó ni ilẹ̀ fún oníbàárà.

Nígbà ìjọba Dàpọ̀ Abíọ́dún ni wọ́n gbé OLARMS dé, ètò tó gbé ìwé ilẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn sí i. Mi ò sí lára àwọn tó ń sunkún fáìlì àtijọ́. Mo ti rí èyí tí eku jẹ.

Síbẹ̀, fáìlì yẹn ní ohun kan. Ẹ lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, kí ẹ ṣí fáìlì ayé òyìnbó. Ẹ ó rí i pé ọ̀gá kan kọ èrò tirẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó kọ ọjọ́ sí i, kó tó tì í sọ́dọ̀ ọ̀gá kejì. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, a ṣì lè tọ́ka sí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ dúró. Aráàlú ìgbà náà kò rí i, òótọ́ ni. Àṣírí wọn ni. Àmọ́ ọwọ́ wà lára ìwé. Kọ̀ǹpútà náà lè tọ́jú ipasẹ̀ gbogbo ẹni tó ṣí fáìlì, kódà ju ìwé lọ. Bí ẹni tó kọ́ ọ bá fẹ́ ni, tí wọ́n bá sì jẹ́ kí olóhun rí i.

Mo sọ fún ọmọ náà pé òfin 2023 lórí ààbò dátà fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí iléeṣẹ́ kan kọ pamọ́ nípa rẹ̀, kó sì ní kí wọ́n tún èyí tó bá wọ́ ṣe. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 wà fún ìwé ìjọba fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025 ni Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ó de gbogbo ìpínlẹ̀. Mo ní kó kọ lẹ́tà kó tó fi nǹkan kan ránṣẹ́: ta ló lè ṣí fáìlì mi, ṣé orúkọ rẹ̀ máa wà níbẹ̀, ṣé èmi náà lè rí i?

Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti fèsì. Ó ní Mọ́ńdè lòún máa fi lẹ́tà náà sílẹ̀.