Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn méjì bá jà, tí ọ̀kan nínú wọn ní òun yóò rán ẹlòmíràn lọ sọ tẹnu òun, àgbà á ní rárá o, ojú lọ̀rọ̀ wà, dìde kí o lọ bá a. Bí àna bá bínú, a kì í fi lẹ́tà tù ú. A ó wọṣọ, a ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ohùn nìkan kò lágbára tó láti gbé ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń wo ojú ẹni tó ń gbọ́: bí ojú náà bá fà ro, á fi omi tútù sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ó bá tújú ká, á tẹ̀ síwájú. Ẹni tó ń gbọ́ náà ń wo ẹnu, ó ń wo ẹyinjú, ó sì ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí ó tó débẹ̀. Àárín ojú méjèèjì ni ọ̀rọ̀ ń gbé.

Ojú tí òwe yìí ń wí gbòòrò. Ẹyinjú ni, iwájú orí ni, ó sì tún jẹ́ ìhà tí ohunkóhun kọ sí wa: ojú ọ̀nà, ojú omi, ojú ọjọ́. Nígbà tí tẹlifíṣàn dé Ìbàdàn lọ́dún 1959, a kò wá orúkọ jìnnà fún dígí iwájú rẹ̀. Ojú tẹlifíṣàn ni a pè é. Nígbà tí fóònù dé, a ní ojú fóònù. Orúkọ yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ojú ni a pè é lóòótọ́, àmọ́ kì í rí ẹni tó ń wò ó. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ lè wà lójú tí kì í ríran?

Ìbéèrè yìí kò wá sí mi lọ́kàn lásán. Mo lọ kí àbúrò mi obìnrin ní Ìbàdàn. Ọmọ rẹ̀, tó pé oṣù 11 nígbà náà, jókòó lórí ẹní, ìrọ̀rí wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi fóònù ti agolo mílíìkì níwájú rẹ̀. Inú fóònù náà ni ehoro aláwọ̀ aró kan ti ń ka nọ́ńbà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń jó, ó ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà mú bisikíìtì tó ti fi itọ́ rẹ, ó nawọ́ rẹ̀ sí ehoro. Ehoro ń ka nọ́ńbà lọ. Ọmọ dúró, ó tún nà án, ó fi kan ojú fóònù. Ehoro ti dé orí ẹẹ́jọ. Nígbà tó yá, ọwọ́ ọmọ náà wálẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ó ń wò. Àbúrò mi yọjú láti ilé ìdáná, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo bó ṣe fọkàn sí i. Fídíò ẹ̀kọ́ ni o, kì í ṣe eré lásán." Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, n kò sì fẹ́ bà á nínú jẹ́ lọ́jọ́ náà. Èsì tí n kò fún un ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí.

Ìgbàgbọ́ yẹn ní orísun. Lọ́dún 1993, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì California tó wà ní Irvine jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36 gbọ́ orin Mozart fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n sì rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe dáadáa sí i díẹ̀ nínú irú ìdánwò tí ènìyàn ti ń fi ọkàn ya àwòrán nǹkan. Àǹfààní náà kò ju ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ. Kò sí ọmọ ọwọ́ kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu, ó di pé orin Mozart ń sọ ọmọ di ọlọ́pọlọ pípé, títí tí Zell Miller, gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, fi béèrè fún 105,000 dọ́là lọ́dún 1998 kí wọ́n lè máa fún àwọn ọmọ tuntun ní àwo orin. Ìpínlẹ̀ yẹn kan náà ni Julie Aigner-Clark, ìyá ọlọ́mọ tó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ rí, ti dá Baby Einstein sílẹ̀: fídíò tó kún fún ohun ìṣeré tó ń yí, ẹranko aláṣọ, orin, àti ọ̀rọ̀ ní oríṣiríṣi èdè. Disney rà á lọ́dún 2001, ó sì di òwò ńlá. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n fún un. Òbí wo ni kò ní fẹ́ kí ọmọ òun dà bí Einstein?

Lọ́dún 2006, ẹgbẹ́ kan tó ń jà kí àwọn oníṣòwò yé fi ọmọdé ṣọjà mú ẹjọ́ lọ bá ìjọba Amẹ́ríkà pé kò sí ẹ̀rí kankan pé irú fídíò bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ọwọ́ ní ohunkóhun. Nígbà tó di 2009, Disney kéde pé ẹni tó bá fẹ́ lè dá DVD rẹ̀ padà, kí ó gba 15.99 dọ́là lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó má ju mẹ́rin lọ. Wọn kò gbà pé àwọn jẹ̀bi.

Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn ni ìwádìí kan jáde tó dá aáwọ̀ sílẹ̀. Frederick Zimmerman, Dimitri Christakis àti Andrew Meltzoff ní Yunifásítì Washington fi fóònù bá òbí tó lé ní 1,000 sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde lọ́dún 2007: láàárín àwọn ọmọ oṣù 8 sí 16, wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá ń fi wo fídíò ọmọ ọwọ́ lójúmọ́ ń bá àdínkù ọ̀rọ̀ 6 sí 8 rìn nínú iye ọ̀rọ̀ tó yé ọmọ náà. N kò ní fi èyí nìkan dájọ́. Ohun méjì lè jọ máa rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ó lè jẹ́ ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́ gan-an ni òbí ń tìtorí rẹ̀ ra fídíò. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí méjì tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò múlẹ̀ tó.

Ti Judy DeLoache àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2010, ló múlẹ̀ lójú tèmi, nítorí pé wọ́n dán ọ̀rọ̀ náà wò fúnra wọn. Wọ́n mú àwọn ọmọ oṣù 12 sí 18, wọ́n pín wọn. Àwọn kan ń dá wo DVD tí wọ́n ń tà káàkiri pé ó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀. Àwọn kan ń wò ó pẹ̀lú òbí wọn. Àwọn kan kò wo nǹkan kan, àmọ́ a fún òbí wọn ní àwọn ọ̀rọ̀ inú DVD náà pé kí ó máa fi kọ́ ọmọ bó ṣe wù ú nínú iṣẹ́ ojúmọ́. Àwọn tó kù, wọn kò ṣe nǹkan kan fún wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn tó wo DVD kò mọ ọ̀rọ̀ ju àwọn tí a kò ṣe nǹkan kan fún lọ. Àwọn tí òbí wọn fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n jù. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó mú mi rántí àbúrò mi ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná: òbí tó fẹ́ràn DVD náà jù ni ó máa ń rò pé ọmọ òun kọ́ ohun tó pọ̀ ju èyí tó kọ́ gan-an lọ. Ìfẹ́ ló ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó dákẹ́ tó tẹjú mọ́ nǹkan, a máa ń rò pé ó ń ronú.

Ìwádìí kejì tí n kò lè fò kọjá ni ti Patricia Kuhl, ní Seattle, lọ́dún 2003. Ọmọ tuntun, ibi yòówù tí wọ́n ti bí i, a máa gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ìró tí èdè òbí rẹ̀ kò ní. Kí ó tó pé ọdún kan, etí rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí tí kò bá a gbé nínú ilé sílẹ̀. Kuhl mú àwọn ọmọ oṣù 9 tí òbí wọn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó mú àwọn tó ń sọ èdè Ṣáínà wá bá wọn ṣeré, wọ́n ń kàwé fún wọn, wọ́n ń fi ohun ìṣeré hàn wọ́n, ìgbà 12 péré. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà yìí ń gbọ́ ìró èdè Ṣáínà bí ẹni pé ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ bọ̀. Ó tún mú àwọn ọmọ mìíràn, ó fi àwọn olùkọ́ kan náà hàn wọ́n nínú fídíò, ọ̀rọ̀ kan náà, ohun ìṣeré kan náà, iye ìgbà kan náà. Asán ló já sí. Wọn kò sàn ju ọmọ tí kò gbọ́ èdè Ṣáínà rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Peckham, ní London, ní kí n bá òun wá káàtúùnù Yorùbá tí òun lè máa tàn sílẹ̀ fún ọmọbìnrin òun tí kò tíì pé ọdún kan, kí èdè má bàa kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ohun tó ń bà á lẹ́rù tọ́ sí ìbẹ̀rù. Ọmọ tí kò bá gbọ́ igbá, ìgbà àti ìgbá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní kékeré yóò fi òógùn kọ́ ọ tó bá dàgbà. Àmọ́ mo sọ fún un pé kí ó fi káàtúùnù náà sílẹ̀ di ọdún mẹ́ta. Ní báyìí, kí òun fúnra rẹ̀ máa sọ Yorùbá sí ọmọ náà lójú, ìbáà jẹ́ nígbà tó bá ń pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀ nìkan. Wákàtí díẹ̀ tí olùkọ́ Kuhl fi bá ọmọ ṣeré ṣe ohun tí fídíò kò lè ṣe.

Kí ni ojú ènìyàn ní tí ojú fóònù kò ní? Ẹ jẹ́ kí a padà sí àárọ̀ ilé wa. Ìyá àgbà gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, ó ń nà án lápá, ó ń pè é ní Àkànní. Ọmọ ní, "gùùù." Màmá dáwọ́ dúró. "Ẹ̀n-ẹ́n? Ọkọ mi ní omi tutù? Ta ló bu omi tútù fún ọkọ mi?" Lẹ́yìn náà ni ó dákẹ́, ó ń wò ó lójú, ó ń dúró de èsì. Ọmọ náà sì fèsì. Dídúró yẹn ni ìwé àkọ́kà. Ọmọ ti rí i pé ohùn òun ń ṣe nǹkan láyé, pé bí òun bá sọ, ẹnì kan á yí padà. Bí màmá bá wo ife omi tó sì pè é ní ife, ọmọ tó ń sún mọ́ ọdún kan á tọ ojú màmá lọ, á bá ife níbẹ̀, á so orúkọ mọ́ nǹkan. Ehoro aláwọ̀ aró kò lè mọ ohun tí ọmọ ń wò, kò sì lè dúró dè é.

Fídíò tún ń lé ọ̀rọ̀ ènìyàn jáde nínú ilé. Christakis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn sílẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ oṣù méjì sí ọdún mẹ́rin lára, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2009: bí tẹlifíṣàn bá ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́ lẹ́nu àgbàlagbà ń dín ní nǹkan bí 770. Kò sí ẹni tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Bí nǹkan kan bá ti ń sọ̀rọ̀ nínú iyàrá, a máa ń gbàgbé láti sọ tiwa.

Ọjọ́ orí ni ìpààlà. Ètò tẹlifíṣàn Sesame Street, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1969 fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ṣe wọ́n láǹfààní. Àwọn olùwádìí méjì, Melissa Kearney àti Phillip Levine, fi hàn lọ́dún 2015 pé níbi tí àmì tẹlifíṣàn ti dé dáadáa, àwọn ọmọ tètè bá ẹgbẹ́ wọn mu ní ilé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́ta ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ tí yóò fi gba ọ̀rọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má jókòó ti ojú tẹlifíṣàn tàbí fóònù rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì má sì ju wákàtí kan lọ lójúmọ́.

Ó rọrùn láti kà á sókè báyìí. Ìyá ọlọ́mọ ni yóò ṣe é. Nínú ilé tí wọ́n bí mi sí, ọmọ á ti gba ọwọ́ ìyá àgbà, ìyàwó bàbá, ẹ̀gbọ́n àti aládùúgbò kọjá kí ọ̀sán tó pọ́n. Àbúrò mi ń gbé inú iyàrá méjì, ọkọ rẹ̀ ń ti òwúrọ̀ lọ síbi iṣẹ́, òun nìkan ló ń dáná, tó ń fọṣọ, tó sì ń ṣiṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un. Àwọn ènìyàn tó yẹ kó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni fóònù náà dúró fún. Bí ó bá fi ogún ìṣẹ́jú gbé ehoro síwájú ọmọ kí ọbẹ̀ má jóná, kò dẹ́ṣẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó mọ̀ ni pé òun ni ehoro náà ń ràn lọ́wọ́, kì í ṣe ọmọ. Kí ó má wá fi wákàtí kún un nítorí pé ó rò pé fídíò náà ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́.

Fóònù náà sì ní ìlò mìíràn. Lọ́dún 2014, Sarah Roseberry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ tuntun kọ́ àwọn ọmọ oṣù 24 sí 30. Àwọn tí ènìyàn wà níwájú wọn kọ́ ọ. Àwọn tó wo fídíò tí a ti ká sílẹ̀ kò kọ́ ọ. Àwọn tí olùkọ́ pè lórí fídíò, tí òun pẹ̀lú wọn jọ ń dá ara wọn lóhùn, kọ́ ọ bí ẹni pé ó wà nínú iyàrá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo lọ sí Ìbàdàn yẹn, màmá wa pè láti Ìṣẹ́yìn lórí WhatsApp. Fóònù kan náà ni, wọ́n tún fi ti agolo mílíìkì kan náà. Ọmọ náà wò ó títí, ó nawọ́ sí ìyókù bisikíìtì rẹ̀, ó gbé e lọ sí ojú fóònù. Màmá la ẹnu gbàgà, ó ní, "Hàm!" Ó ń jẹun lásán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. "Ó mà dùn o, ọkọ mi." Ọmọ yẹ bisikíìtì ọwọ́ rẹ̀ wò, ó rí i pé ó ṣì wà níbẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún nà án.