"Kò Sí" Yàtọ̀ sí "Ó Ṣófo"

Bí ìyá bá rán ọmọ lọ ra epo pupa ní ọjà Wuse l'Ábújá, tí ọmọ kò mú ìwé kankan lọ́wọ́, elépo á wọn ìgò kan fún un bí ìṣe. Bí ọmọ bá na ìwé pélébé sí i, tí wọn ò kọ nǹkan kan sínú rẹ̀ ńkọ́? Elépo á wojú ọmọ: "Epo èló ni ìyá ẹ ní kí o rà?"

Ìyàtọ̀ yìí gan-an ló wà nínú Perl, èdè kọ̀ǹpútà tí Larry Wall gbé jáde ní 1987. Ẹ jẹ́ ká pe "function" ní ìránṣẹ́, ká sì pe "argument" ní ohun ìfirán. Inú @_ ni Perl ń kó ohun ìfirán sí. Bí a kò bá fi nǹkan rán ìránṣẹ́, 0 la ó kà níbẹ̀. Bí a bá fi undef, ìyẹn ohun tí kò ní iye kankan nínú, rán an, 1 ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àṣẹ shift yọ ọ́ láìkọ́kọ́ kà á, undef ló ń jáde lọ́nà méjèèjì.

Orúkọ wo la ó wá fún undef? "Aláìnítumọ̀" kò bá a mu, nítorí ìtumọ̀ kọ́ ló sọnù. "Àìníye" burú jù: bí a bá ní èrò àìníye wá sí ayẹyẹ, ọ̀pọ̀ là ń wí. "Òdo" jẹ́ iye gidi. "Òfo" sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí àmì ohùn bá yẹ̀, ó di òfò, àwọn èèyàn á sì máa kí wa kú àmúmọ́ra. "Òfìfo" ni mo fara mọ́. "Àìsí" ni kí a fi pe ohun ìfirán tí kò wá rárá.

Irú iṣẹ́ ìsọlórúkọ yìí kì í ṣe tuntun: ní 1984, onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá fún àjọ ìwádìí ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní NERDC lónìí, tó fìkàlẹ̀ sí Sheda, l'Ábújá níbí. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n bójú tó. Ó yẹ kí ti kọ̀ǹpútà náà tẹ̀ lé e, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè gbé àìsí àti òfìfo pa pọ̀. Nínú ìlànà ìkéde ohun ìfirán ("signature") tí Perl 5.36 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2022, àmì = ń fi iye tiwa dí àlàfo àìsí nìkan. Perl 5.38 ti 2023 mú //= wọ inú ìlànà náà, tó ń dí àìsí àti òfìfo pa pọ̀. Ẹni tó bá pe méjèèjì ní "òfo" kò ní rí ẹnu ṣàlàyé ìdí tí àmì fi jẹ́ méjì.