Ogun Inú Ìkòkò Ògì

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan." Òwe yìí kò bá ènìyàn àti ẹran nìkan wí, ó bá àwọn ẹ̀dá tí ojú wa kò lè rí wí pẹ̀lú.

Ní ọdún 1877, Louis Pasteur àti Jules Joubert, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé, kíyèsí i pé bakitéríà anthrax, àrùn tí ń pa màlúù àti àgùntàn, a máa gbèrú nínú ìtọ̀ mímọ́ bí ó bá dá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bakitéríà mìíràn bá bá a wọ inú rẹ̀, kò lè gbilẹ̀ mọ́. Ní 1928, Alexander Fleming ní Lọ́ńdọ́nù rí i pé ebu kan tí ó hù nínú àwo rẹ̀ pa bakitéríà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ara ebu náà ni oògùn pẹnisílíìnì ti wá.

Ṣùgbọ́n kí a tó gbọ́ orúkọ wọn, àwọn ìyá wa ti ń mú irú ogun yìí ṣiṣẹ́. Wọn a rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì jẹ́ kí ó tòrò. Ògì a wà nísàlẹ̀, omidún a wà lókè. Ní 1970, Akinrele ti FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba tí a dá sílẹ̀ ní Òṣòdì ní 1956, tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ìkòkò yìí. Ẹ̀yà kan ń tú àgbàdo palẹ̀, ìwúkàrà ń fi adùn sí i, ṣùgbọ́n Lactobacillus plantarum ni olórí wọn. Òun ni ó ń mú ògì kan. Bí kíkan náà sì ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí kò lè fara dà á ń kú.

Kíkan nìkan kọ́ ni ohun ìjà wọn. Àwọn mìíràn a máa ṣe oró tí ń pa ọ̀tá. Ní 2003, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Sípéènì kéde pé ìdílé kan nínú L. plantarum kì í rọ ohun ìjà rẹ̀ nígbà tí ó bá dá wà nínú omi; ìgbà tí àwọn ẹ̀yà mìíràn kan bá wà pẹ̀lú rẹ̀ ni ó tó rọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo Makoko, létí ọ̀sà, níbi tí àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ gbé ń pẹja, tí ọ̀pọ̀ ilé sì dúró lórí òpó nínú omi. Omi yí wọn ká, síbẹ̀ omi mímọ́ ṣòro, ìgbẹ́ gbuuru sì ni ọ̀tá ọmọ wẹ́wẹ́. Kò jìnnà sí ibẹ̀, ní Yaba, D. K. Olukoya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba yan bakitéríà tí ó lè dá àwọn tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru dúró, wọ́n fi wọ́n mú ògì kan, wọ́n sì pè é ní DogiK. Ọdún 1994 ni àbọ̀ rẹ̀ jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò wí pé ògì tó ní oògùn. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni kí a fún un, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Omi ẹlẹ́gbin sì lè ba ògì tí ó dára jùlọ jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má ṣe fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ìmọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ìkòkò ìyá yín, ẹ má sì ṣe gbà á láìwádìí. Ìyá di asẹ́ mú, ọ̀mọ̀wé di awò mú. Iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò.