Burma Boy: Ìwé ìtàn àròsọ tó bọlá fáwọn sójà wa tó jagun Bọ́mà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba iwájú Letmauk Barracks ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, tàbí Dodan Barracks ní Ìkòyí l'Ékòó kọjá, tí wọn ò mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Orúkọ ibi táwọn sójà ilẹ̀ wa ti jà ní Bọ́mà ni, ìyẹn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Arakan Barracks tó wà l'Ápápá náà, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ tiẹ̀.

Ogun wo nìyẹn?

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, táwọn àgbà wa ń pè ní Ogun Hitler, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ ogun jọ ní Nàìjíríà, Gold Coast tó wá di Gánà, Sierra Leone àti Gáḿbíà. Wọ́n pín wọn sí 81st àti 82nd West African Division, wọ́n sì kó wọn lọ bá Jàpáànì jà ní Bọ́mà. Nínú igbó àti òkè àfonífojì Kaladan, kò sọ́nà tí mọ́tò lè gbà dáadáa. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn. Òjò ń pa wọ́n, ibà ń dá wọn gúnlẹ̀.

Abẹ́ Fourteenth Army ni wọ́n wà, àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọ ogun ìgbàgbé, torí pé ogun ilẹ̀ Yúróòpù lojú gbogbo ayé wà. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà láàárín wọn ni wọ́n tún gbàgbé jù.

Kí ló wà nínú ìwé náà?

Ọdún 2007 ni Biyi Bandele gbé Burma Boy jáde. The King's Rifle ni wọ́n pè é l'Ámẹ́ríkà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni bàbá Bandele, òun fúnra rẹ̀ ja ogun Bọ́mà. Ní Kafanchan ni wọ́n ti bí Bandele lọ́dún 1967.

Ali Banana, ọmọdékùnrin Hausa kan, ni ìwé náà dá lé. Ó wọṣẹ́ sójà, ó sì bá ara rẹ̀ láàárín àwọn Chindit, ìyẹn àwọn tó ń jà lẹ́yìn ìlà ọ̀tá lábẹ́ Ọ̀gágun Orde Wingate ní 1944. Àwọn sójà inú ìwé náà ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pa ìtàn, wọ́n ń bára wọn jà. Bí ikú ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ lẹ̀rín ń dínkù. Ali Banana ò sí láyé rí, ṣùgbọ́n ẹni gidi ni Wingate, ogun náà sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìtàn àròsọ?

Àkọsílẹ̀ ogun kún fún orúkọ àwọn ọ̀gá òyìnbó. Ìwọ̀nba díẹ̀ làwọn sójà wa tó kọ tiwọn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùrẹ̀-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ló wọṣẹ́ ológun. Lóṣù Kẹta 1944, ìbọn Jàpáànì ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ létí odò Kaladan. Àwọn ará abúlé kan tó jẹ́ Mùsùlùmí ló bó òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, mọ́lẹ̀ fún bí oṣù mẹ́sàn-án, tí wọ́n ń bọ́ wọn. Ó dàgbà, ó darúgbó, kó tó kú ní 2012. Oníròyìn Barnaby Phillips kọ ìtàn rẹ̀ sínú Another Man's War lọ́dún 2014.

Bandele náà kú l'Ékòó ní 2022, ọmọ ọdún 54 ni.

Bí ẹ bá rí àmì ẹ̀yẹ oníràwọ̀ tí wọ́n kọ "The Burma Star" sí nínú àpótí àgbà ilé yín, ẹ má tà á. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ni ín àti ohun tó sọ nípa ogun náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà táwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ṣì wà láyé.