Ẹ̀dà Tí A Kò Dán Wò

Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá lónìí, ìwé ńlá tí akọ̀wé máa ń gbé há abíyá wá sí ìpàdé ti di ohun àná. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, owó oṣù, ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ tí ń kọ́ èdè wa ní ọjọ́ Sátidé, gbogbo rẹ̀ ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà kì í tilẹ̀ ṣe tiwa. Iléeṣẹ́ ńlá ni a ń sanwó ìlò rẹ̀ fún. Cloud ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìkùukùu. Orúkọ yìí ń tan ni jẹ, nítorí ilé ni, ó ní ògiri, ó ní ilẹ̀kùn, iná sì lè jó o.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Edgar Codd, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní San Jose ní ìpínlẹ̀ California, ni ó la ọ̀nà rẹ̀. Ní ọdún 1970 ó kọ ọ́ síta pé kí a máa to àkọsílẹ̀ sínú àtẹ, kí nọ́ńbà kan sì so àtẹ kan mọ́ èkejì. Bí àtẹ òbí bá wà lọ́tọ̀, tí àtẹ ọmọ wà lọ́tọ̀, tí òbí sì kó kúrò nílé, ibi kan ṣoṣo ni a ó ti tún àdírẹ́sì rẹ̀ kọ, bí ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ mẹ́fà. IBM fúnra rẹ̀ kò tètè kà á sí. Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ṣe èdè tí a fi ń bi àtẹ wọ̀nyí ní ìbéèrè, tí a mọ̀ sí SQL lónìí. Nígbà tí ó sì di ọdún 2009, Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú àkójọ yìí háyà fún ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà ńlá tirẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ẹni tí ó ni ilé ni yóò máa ṣọ́ ẹrù. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí GitLab, iléeṣẹ́ tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, ilẹ̀ ti ṣú mọ́ òṣìṣẹ́ kan lọ́wọ́. Ó fẹ́ pa ohun tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà kejì rẹ́, àṣé orí èyí tí í ṣe olórí ni ó wà. Kí ó tó fura, nínú nǹkan bí 300 gígábáìtì, díẹ̀ ni ó kù. Wọ́n sáré lọ sí ìdí ẹ̀dà. Oríṣi ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n gbójú lé, kò sí ọ̀kan tí ó ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó máa ṣe ẹ̀dà lójoojúmọ́ ti ń kùnà láì pariwo, lẹ́tà ìkìlọ̀ tí ó ń fi ránṣẹ́ kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó yọ wọ́n ni ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ náà gan-an ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn pátápátá! Iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà yẹn kò padà mọ́. Ó wú mi lórí pé wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síta fún aráyé kà.

Ti Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé yàtọ̀. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ọ̀kan nínú àwọn ilé iléeṣẹ́ OVH níbẹ̀ kanlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fara pa, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kan wà tí ẹ̀dà wọn wà ní ọgbà kan náà pẹ̀lú ojúlówó.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ yín wà ní ìlú mìíràn. Kí ó má ṣe jẹ́ pé gbogbo ìgbìmọ̀ ni ó ní àṣẹ láti pa nǹkan rẹ́, pàápàá níbi tí orúkọ àwọn ọmọ wà. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, ẹ bi akọ̀wé yín pé ọjọ́ wo ni wọ́n ṣí ẹ̀dà náà wò gbẹ̀yìn, tí wọ́n sì ka orúkọ inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.