Nígbà tí Ọwọ́ àti Orin Kò Bá Pàdé: Bí A Ṣe Ń Tún Ìdádúró Ṣe nínú Géèmù Orin Lórí Kọ̀ǹpútà

Géèmù orin ni géèmù tí a ti gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì ní àkókò gan-an tí ìlù bá dún. osu!, StepMania àti Clone Hero wà lára àwọn tí èèyàn ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Nínú irú géèmù báyìí, ohun kékeré lè ba eré jẹ́: ẹ tẹ bọ́tìnnì lásìkò, kọ̀ǹpútà sì ní ẹ pẹ́. Ẹlòmíràn á máa bínú sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹlòmíràn á lọ ra kíbọ́ọ̀dù olówó ńlá, nígbà tó jẹ́ pé íápíìsì tó wà létí rẹ̀ ló fa gbogbo wàhálà. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí ìdádúró ti wá kí ẹ tó náwó, àti bí ẹ ṣe lè sọ ọ́ ní Yorùbá.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ó bá pàdé

• Ìdádúró: àkókò tó ń kọjá láàárín ìgbà tí ohun kan ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tí a rí i tàbí tí a gbọ́ ọ. Àwọn tó ń ṣe géèmù máa ń pè é ní lag.
• ms: bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, ìpín kan ṣoṣo ni ms 1.
• Ojú kọ̀ǹpútà: ibi tí àwòrán ti ń hàn.
• Ìró bọ́tìnnì: ìró kékeré tí géèmù ń gbé jáde nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì.
• Ìsún-àkókò: nọ́ńbà tí ẹ fi ń sún orin síwájú tàbí sẹ́yìn nínú ètò géèmù. Offset ni ẹ ó rí tí wọ́n kọ síbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ géèmù.

Ìdádúró mẹ́ta ló wà

Ìkíní ni ìdádúró ọwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ìka kan bọ́tìnnì títí dé ìgbà tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Kíbọ́ọ̀dù tí kọ̀ǹpútà ń bi léèrè nígbà 125 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lè fi ẹ sílẹ̀ fún ms 8 kó tó jíṣẹ́. Èyí tí ó ń bi nígbà 1,000 kò ní ju ms 1 lọ.

Ìkejì ni ìdádúró ojú. Ojú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ Hz 60 máa ń yí àwòrán padà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ni pé àwòrán kan máa ń lò tó ms 16.7. Bó bá jẹ́ Hz 144, nǹkan bí ms 6.9 ni. Tẹlifíṣọ̀n tún máa ń falẹ̀ ju ojú kọ̀ǹpútà lọ, nítorí pé ó ń ṣe àwòrán lẹ́wà kó tó gbé e jáde.

Ìkẹta ni ìdádúró etí, òun ló sì ń yọ èèyàn lẹ́nu jù. Kọ̀ǹpútà kì í da ohùn jáde ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ó máa ń kó o jọ sínú ohun kan tí wọ́n ń pè ní buffer, bí ẹni tó ń pọn omi kún korobá kó tó dà á. Bí korobá náà bá tóbi, ẹ ó dúró pẹ́. Buffer tó gba ègé ohùn 512, nígbà tí ohùn ń lọ ní 48,000 ègé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, jẹ́ nǹkan bí ms 10.7. Èyí kò tíì burú. Ṣùgbọ́n íápíìsì Bluetooth sábà máa ń ju ms 100 lọ, ó sì lè tó ms 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Ṣé ms 200 pọ̀? Nínú osu!, bí ìṣòro ìdíwọ̀n àkókò bá wà ní 5, ẹ ní ms 50 ṣáájú àti ms 50 lẹ́yìn láti gba àmì tó ga jù. Bó bá wà ní 10, nǹkan bí ms 20 péré ni. Ìdádúró ms 200 ti ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ẹ ń tẹ̀lé etí yín, etí yín sì ń gbọ́ ohun tó ti kọjá.

Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí níbi ayẹyẹ. Ẹni tó dúró ní mítà 30 sí onílù máa ń rí i tí kọ̀ǹgọ́ kan awọ kó tó gbọ́ ìlù, nítorí pé ohùn ń lo nǹkan bí ms 3 fún mítà kọ̀ọ̀kan nínú afẹ́fẹ́. Lọ́dọ̀ ẹni yẹn, ìlù ti falẹ̀ tó nǹkan bí ms 90. Onílù kò ṣe àṣìṣe kankan. Ọ̀nà ló jìn.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí

Ẹ má yí ohunkóhun padà kí ẹ tó ṣe ìdánwò mẹ́ta yìí.

1. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe eré náà fúnra rẹ̀. Nínú osu!, ètò Auto ló ń ṣe èyí. Ọwọ́ yín ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Bí ohun tí ẹ rí kò bá bá ohun tí ẹ gbọ́ mu, àárín ojú àti etí ni wàhálà wà. Bó bá bára mu dáadáa, tí eré sì tún ń falẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é fúnra yín, ẹ wo ọ̀nà ọwọ́, kí ẹ sì wo ìró bọ́tìnnì.

2. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, kí ẹ fetí sí ìró rẹ̀. Ṣé ó dún lábẹ́ ìka yín, àbí ó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn? Ẹ wá fi íápíìsì oníwáyà dán an wò. Bí ìyàtọ̀ bá hàn, ẹ ti mú ẹni tó jẹ̀bi.

3. Ẹ wo ọ̀pá tí géèmù fi ń fi àṣìṣe àkókò hàn. Bí gbogbo ìlà bá kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdádúró tó dúró lójú kan ni, ìsún-àkókò sì lè tún un ṣe. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri, tí òní ń pẹ́ tí ọ̀la ń yá, ìsún-àkókò kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ń tiraka, ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ ló nílò ìdánrawò sí i.

Àtúnṣe, ní títẹ̀léra

Ohun kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ yí padà. Bí ẹ bá yí mẹ́ta pọ̀, ẹ kò ní mọ èwo ló ṣiṣẹ́.

1. Ẹ lo íápíìsì oníwáyà. Kò sí ètò kankan nínú Windows tó lè sọ Bluetooth di wáyà.

2. Nínú ètò ohùn Windows, ẹ pa Audio enhancements. Ohun tó ń ṣe ohùn lẹ́wà lè fi kún àkókò.

3. Ẹ pa àwọn nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ so ó mọ́ iná, kí ẹ sì pa ètò tó ń tọ́jú bátìrì.

4. Ẹ wò ó bóyá Windows ń lo gbogbo agbára ojú kọ̀ǹpútà yín. Ẹlòmíràn ra Hz 144, Windows sì ń lò ó ní Hz 60. Ẹ pa V-Sync nínú géèmù. Àwòrán lè máa ya díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń yá sí i. Bó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ tan Game Mode rẹ̀.

5. Bí géèmù bá fún yín ní WASAPI exclusive tàbí ASIO, ẹ dán an wò. Windows máa ń da ohùn gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ra. Ètò yìí máa ń jẹ́ kí géèmù nìkan gba ọ̀nà náà. Kí ẹ má bẹ̀rù bí ohùn àwọn yòókù bá pa mọ́.

6. Ẹ ki wáyà kíbọ́ọ̀dù bọ ara kọ̀ǹpútà gan-an. Bó bá jẹ́ aláìníwáyà, èyí tó ní ègé USB tirẹ̀ sábà máa ń yá ju ti Bluetooth lọ.

Ìsún-àkókò ló kẹ́yìn

Ìsún-àkókò kì í lé ìdádúró lọ. Ó kàn ń sún orin kí ohun tí ẹ gbọ́ àti ohun tí géèmù ń kà lè pàdé. Ìdí nìyí tí a fi ń fi í sẹ́yìn: bí ẹ bá kọ́kọ́ ṣe é, tí ẹ wá pààrọ̀ íápíìsì, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú orin tó rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wo ibi tí àwọn ìlà kó jọ sí. Ẹ sún un ní ms 5, kí ẹ tún ṣe é. Bí ó bá burú sí i, ẹ sún un sí ìhà kejì. osu! ní Universal Offset fún gbogbo orin, ó sì ní ti orin kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ orin kan ṣoṣo ló ń ṣe ségesège, ẹ má fọwọ́ kan ti gbogbogbòò. Ẹni tó to orin yẹn ni kò tò ó dáadáa.

Ohun kan wà tí ìsún-àkókò kò lè ṣe. Géèmù mọ orin tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde. Kò mọ ìgbà tí ẹ ó tẹ bọ́tìnnì. Ìdí nìyẹn tí ìró bọ́tìnnì lórí Bluetooth yóò fi máa pẹ́ títí. Bí ẹ kò bá ní wáyà, ẹ pa ìró náà, kí ẹ máa tẹ̀lé orin nìkan.

Bí a ṣe ń sọ ọ́

• Orin náà ń falẹ̀. 
• Orin ti ṣáájú ọwọ́ mi.
• Ọwọ́ mi kò pẹ́. Ohùn ló pẹ́.
• Mo ti sún un síwájú ní ms 10.

Ẹ kíyè sí ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí géèmù orin kò lè ṣe aláìlò: lù àti tẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n ní. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé wọn, ohùn náà á di ti àárín: lu ìlù, tẹ bọ́tìnnì. Bó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ kúkúrú ló tẹ̀lé wọn, ohùn ìsàlẹ̀ á dúró síbẹ̀: lù ú, tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ẹnu sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó ṣí géèmù yín lónìí.